Ààwẹ̀ Tí Ọmọ Mi Gbà Pé

Rọ́bà ni mò ń wọ̀n nígbà tí fóònù mi dún. Télọ̀ kan láti àdúgbò Gonfreville ló fẹ́ mítà mẹ́wàá, èyí tó fẹ̀ tó ìka méjì, irú tí wọ́n máa ń fi sí ìbàdí ṣòkòtò àwọn ọmọ iléèwé. Mo ti wọ̀n ọ́n dé mítà méje. Mo fi àtàǹpàkò òsì tẹ ojú ibẹ̀ mọ́ etí tábìlì kó má baà yọ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé fóònù sétí.

Kóòṣì tó ń kọ́ ọmọ mi ní básíkẹ́ẹ̀tì ni. Faransé ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá.

“Màmá, ẹ máa bọ̀ ní pápá. Ọmọ yín jókòó sílẹ̀, kò lè dìde.”

Mo ní, “Ta ló kọlù ú?”

“Kò sẹ́ni tó fara kàn án. Ó fò, ó balẹ̀, ó jókòó. Ẹ ṣáà máa bọ̀.”

Mo gé rọ́bà náà níbi tí àtàǹpàkò mi wà. Télọ̀ ní, “Ìyá, mẹ́wàá ni mo sọ o.” Mo ní kó máa mú méje lọ ná. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù, òwú àti rọ́bà ní àdúgbò Commerce, àwọn télọ̀ ìlú Bouaké sì mọ̀ pé mítà tèmi kì í dín. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fún oníbàárà ní ohun tí kò pé.

Mo bá ọmọ mi lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó fẹ̀yìn ti igi, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ pápá náà, ó ti sán káàkiri, oòrùn sì ti mú un gbóná débi pé mo ń mọ̀ ọ́n láti ìsàlẹ̀ sálúbàtà mi. Àṣekágbá ìdíje àwọn iléèwé ìlú ni wọ́n ń gbá. Ẹgbẹ́ tó bá borí ló máa lọ sí Àbíjàǹ. Wọn ò dá eré dúró. Wọ́n ti fi ọmọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, kóòṣì sì ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń pariwo, “Ẹ sáré! Ẹ sáré padà! Ṣé arúgbó ni yín ni?”

Ọmọ mi ò sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, orí mi ò sì kọjá èjìká rẹ̀ tó bá dìde dúró. Ó ní, “Màmá, mélòó sí mélòó ni?”

Mo ní, “Èmi lò ń bi?”

Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ bàtà rẹ̀, mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, mo fa ìbọ̀sẹ̀ gígùn rẹ̀ wálẹ̀. Rọ́bà ló wé mọ́ ojúgun láti ọrùn ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, ó wé e le bí ẹni ń di ẹrù. Mo mọ rọ́bà náà. Ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, funfun ni, ó ní ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Oṣù méjì ṣáájú ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n gé e fún òun, mítà méjì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Ti básíkẹ́ẹ̀tì ni.” Mo wọ̀n ọ́n, mo gé e, mo tiẹ̀ fi iná ìṣáná jó etí rẹ̀ kó má baà tú. Mi ò bi í ní ìbéèrè kejì.

Nígbà tí mo tú u, ó ti dá ìlà sí i lára, ìlà lé ìlà, bí ara agbọ̀n. Mo fi ìka kan ṣoṣo kàn án lójúgun, ó ké. Gbogbo èèyàn tó wà ní pápá yíjú sí wa, àfi kóòṣì.

Dókítà tó gbà wá ní ọ̀pítà obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ náà. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó fi bíìrò tọ́ka sí ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

“Ẹ wò ó. Egungun yìí ò ṣẹ́ lónìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀. Òní ló wá sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí ọmọ mi. “Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Tíì.”

“Tíì àti kí ni?”

“Tíì náà ni.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi í, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà, “Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?”

Ọmọ mi wo ògiri. Dókítà wò mí. “Màmá?”

Mo lè fi ọwọ́ lásán mọ gígùn síìpù nínú òkùnkùn. Tí mo bá gbé páálí bọ́tìnnì sọ́wọ́, mo mọ̀ bóyá ẹnì kan ti mú nínú rẹ̀. Èyí ni mi ò mọ̀. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú mi, láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́: ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ó kà á dé ọgbọ̀n.

“Oṣù mẹ́jọ,” ni ọmọ mi wí fún ògiri.

Ó yẹ kí n sọ bí básíkẹ́ẹ̀tì ṣe wọ ilé wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, oníṣòwò, Mùsùlùmí. Bouaké ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti jáde iléèwé girama, mo sì ti rí àwọn ọmọbìnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n ní iléèwé wa nígbà náà. Kò sí ọmọ Anango, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kankan nínú wọn. Nígbà tí ọmọ mi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kóòṣì wá bá bàbá rẹ̀ nílé. Ó ní ọmọ náà ní ohun kan tí òun ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn gíga, pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Alhaja, ló kọ́kọ́ dáhùn.

“Gíga! Ṣé ẹrù ló fẹ́ máa bá a gbé sórí àjà ni? Ọmọ tó yẹ ká máa wá ọkọ fún, ẹ fẹ́ kó wọ ṣòkòtò péńpé máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú gbogbo Bouaké. Ìyàwó, ṣé o ń gbọ́?”

Mo ní, “Mò ń gbọ́, Alhaja.”

Bàbá rẹ̀ rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ náà ò gbọdọ̀ bọ́ ìborùn, kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pa ìrun jẹ. Ó wá ní, “Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ yẹn ló parí.” Ọmọ náà ti dáhùn pé òun gbà kí bàbá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo lọ wò ó. Mo dúró lẹ́yìn, níbi tí kò ti ní rí mi. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ kan tó sanra jù ú lọ, ó lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fò. Mo rò pé ó máa tètè balẹ̀, kò balẹ̀. Ó dúró sókè pẹ́ tó èyí tí mo fi rí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ méjèèjì. Mi ò sọ fún un pé mo wá. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn oníbàárà tí mi ò mọ̀ rí.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, eré ni. Ní ọdún kẹta ó di iṣẹ́. Wọ́n ń sáré láfẹ̀mọ́júmọ́ kí wọ́n tó lọ sí iléèwé, wọ́n ń fò títí di ìrọ̀lẹ́ lórí sìmẹ́ńtì yẹn. Kóòṣì gbé òṣùwọ̀n kan wá sí pápá, irú èyí tí àwọn tó ń ra kaṣú fi ń wọn àpò, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn ọmọbìnrin náà sì ń gun orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kọ iye tó bá sọ sára páálí, ó ń gbé e kọ́ síbi tí gbogbo wọn ti lè kà á. “Ẹni tó bá wúwo ò lè fò.” Ẹni tó bá sì ti wúwo ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ á gbé àpò iyanrìn sẹ́yìn, á máa gun àtẹ̀gùn.

Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn iṣu tó ń wá láti Djébonoua, gbogbo ọjọ́ Sátidé la sì ń gúnyán. Ọmọ mi á bu òkèlè kan, á máa yí i kiri nínú ọbẹ̀, á sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ti abọ́ náà sọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀. “Màmá, mo ti yó.” Mo sọ fún ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé básíkẹ́ẹ̀tì ti kọ́ ọmọ mi ní ìtẹ́lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ààwẹ̀ ọdún náà wá bọ́ sí ìgbà tí oòrùn Bouaké ń mú jù, tí wọ́n sì ń múra ìdíje. Kóòṣì ò yí àkókò eré padà. Ọmọ mi ń dé sílé kí ìṣínu tó ku díẹ̀, ètè rẹ̀ á ti funfun. Á jẹ dàbínù kan, á mu omi, á bu kókó ògì lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, á sùn. Mo máa ń jí i fún sààrì. Á mu omi, á ní oúnjẹ ò wù òun.

Gbogbo obìnrin Mùsùlùmí ló mọ̀ pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda ọjọ́ nǹkan oṣù fún wa. A ò ní gbààwẹ̀ nígbà náà, a ó san án padà lẹ́yìn ìtúnu. Ní agbo ilé wa a máa ń san án pọ̀ ni, lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, Alhaja tó ti kọjá ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ló sì ń po kókó fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìtúnu ọdún náà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ iye ẹni tí òun máa dáná fún.

“Ìyàwó, mélòó ni tìrẹ?”

Mo ní mẹ́fà.

“Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tìrẹ ńkọ́?”

Ọmọ mi ní, “Kò sí, mà. Mo gba gbogbo rẹ̀ pé.”

Alhaja pàtẹ́wọ́. “Ọgbọ̀n? Pẹ̀lú gbogbo fífò yẹn? Áà, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà! Ẹ wá wo ọmọ o! Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ ìbòòji ń sọ pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, eléyìí ń sáré. Ìyàwó, ìwọ lo bímọ!”

Mo ní, “Ẹ ti rí i báyìí, Alhaja. Ẹ̀yin lẹ fi í wé ọ̀pọ̀lọ́.” Ní ọjọ́ kejì mo sọ ọ́ ní Commerce fún ẹni tó bi mí àti ẹni tí kò bi mí.

Obìnrin méje la wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ti san ààwẹ̀ padà láti ìgbà ọmọdé, gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò lóyún kì í gba ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Bí a bá tiẹ̀ rò ó, oyún là bá bẹ̀rù, à bá sì yẹ̀ ẹ́ wò. A ò rò ó. Ìyìn dùn mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ̀sìn ti fún ọmọ náà ní àyè ìsinmi. Ara rẹ̀ ni kò lágbára àtilo àyè náà mọ́, àwa sì jókòó, a ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀, mi ò sì bínú. Ó ní, “Màmá, tí iná ilé yín bá rẹlẹ̀, ṣé ẹ ò ní pa fíríìjì kí gílóòbù lè tàn? Ohun tí ara rẹ̀ ṣe nìyẹn. Oúnjẹ ò tó, iṣẹ́ pọ̀. Ó pa ti ìbímọ kí ẹsẹ̀ lè máa sáré. Nígbà tí ìyẹn náà ò tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lára egungun.” Wọ́n fi báńdééjì tó le bí òkúta di ẹsẹ̀ náà. Ó ní egungun á jinná, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò, àfi tó bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta léraléra. “Tó bá fò ṣáájú ìgbà yẹn, á tún sán. Ó lè má jẹ́ ojúgun. Ó lè jẹ́ itan.”

Mo sọ ti egungun fún bàbá rẹ̀. Mi ò sọ èyí tó kù. A kì í sọ ọ́ fún ọkùnrin nílé wa.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí láìsí i. Wọ́n lọ sí Àbíjàǹ, wọ́n fìdí rẹmi ní eré àkọ́kọ́, wọ́n padà wá. Nígbà tí wọ́n dé, mo lọ bá kóòṣì ní pápá. Ó ń wọn àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́.

Ó ní, “Màmá! Báwo ni akọni wa?”

Mo ní, “Òṣùwọ̀n yín yìí, ṣé ó ń wọn egungun náà?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn ọmọ náà lọ sáré. “Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni kó má jẹun. Mo ní kí wọ́n fúyẹ́ ni.”

“Báwo lèèyàn ṣe ń fúyẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ti jẹun lọ́jọ́bọ̀?”

“Ẹ̀yin Màmá Anango, ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ.” Ó jókòó sórí òṣùwọ̀n náà, abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye rẹ̀ fò lọ sápá ọ̀tún, ó dúró síbẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Ta ló ní kó gbààwẹ̀ nínú oòrùn yẹn? Èmi ni mo gbé omi fún un lójoojúmọ́. Ó ní tí òun bá mu ún, bàbá òun á yọ òun kúrò. Ẹ̀yin òbí rẹ̀ ń fà á síbí, èmi ń fà á sọ́hùn-ún. Ṣé èmi nìkan ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀?”

Mo ti to ọ̀rọ̀ pọ̀ láti ilé wá. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó padà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà dé Commerce.

Nínú oṣù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wà nínú báńdééjì, ọmọ mi ò bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jókòó, á gbé bọ́ọ̀lù lé itan, á máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi pé òun ò rí nǹkan oṣù mọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

“Màmá, inú wa ń dùn ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ ní ó lọ vakáǹsì, pé ó lọ sinmi ni. Wọ́n ní tó bá ti lọ, ara ti di ara eléré nìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì ń wá, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò tíì ṣiṣẹ́ tó.”

Alhaja ló gba oúnjẹ rẹ̀ ṣe. Ó ń jókòó tì í títí abọ́ á fi mọ́. “Jẹun, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Mo ti pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò yẹ, jẹ́ kí n rí èyí tó yẹ.” Wọ́n tú báńdééjì, ó rìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà díẹ̀. Ní oṣù keje lẹ́yìn àṣekágbá, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi.

“Màmá, ó ti dé.”

Mo di etí abọ́ náà mú. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí àwọn télọ̀ fi ń sàmì sí aṣọ, mo fa ìlà kan sí inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi, níbi tí ẹlòmíràn ò ti ní rí i. Oṣù kejì ó tún wá. “Ó ti dé o, Màmá.” Mo fa ìlà kejì.

Ní àárín ìgbà yẹn ni kóòṣì fi ìwé ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan ní Àbíjàǹ fẹ́ wá wo àwọn ọmọbìnrin ní Bouaké. Ẹni tí wọ́n bá mú á máa gbé lọ́dọ̀ wọn, á sì máa lọ sí iléèwé níbẹ̀. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ara ọmọ náà yá. Mo fi ìwé náà sábẹ́ páálí òwú ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún ọmọ mi pé ìlà méjì la ní, lọ́jọ́ tó bá di mẹ́ta màá fọwọ́ sí i, a ó jọ gbé e lọ fún dókítà. Ó dì mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Oṣù kẹta bọ́ sínú ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ní ọ̀sán, ó ti iléèwé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àtíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Àwọn ọmọbìnrin ilé wa máa ń fara pamọ́ jẹun nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Kò fara pamọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó tú ọ̀rá náà, ó ń jẹun níwájú mi.

“Màmá, mi ò gbààwẹ̀ lónìí.”

“Mo rí i.”

Oníbàárà kan, Alhaji kan tó ń ra síìpù, wò ó, ó sì fajú ro. Mo ní, “Ọmọ mi ni, Alhaji. Kò gbààwẹ̀ lónìí.” Mo sọ ọ́ sókè. Ojú ò tì mí. Òórùn ẹja náà wọ gbogbo òwú mi, mo sì fẹ́ kó máa wọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ra páàdì tuntun, mo fi í sínú àpò eré rẹ̀, nítorí àpò yẹn ló máa ń gbé jáde lẹ́yìn iléèwé. Ọjọ́ márùn-ún ló fi jẹun lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹfà ó padà sínú ààwẹ̀, mo sì fa ìlà kẹta.

Mo gbé ìwé náà wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ fi í sínú àpò rẹ̀ kó bá a níbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ti iléèwé dé. Mo ṣí síìpù. Páàdì tí mo rà wà lókè, ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kò tíì já. Mo gbé e kúrò. Bàtà rẹ̀ wà nísàlẹ̀, erùpẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ pápá ṣì tutù nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú bàtà ọ̀tún ni rọ́bà méjì wà, wọ́n ká wọn dáadáa. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù mi. Etí wọn ti ń tú, nítorí ẹni tó gé wọn ò fi iná jó o.

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ títí ó fi dé. Páàdì náà wà lórí itan mi, ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpò, ó wò mí.

Mo ní, “Ọjọ́ márùn-ún nínú Ràmàdáánì, láìsí ìdí.”

Ó gbé àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

“Nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni òótọ́?”

“Ti àkọ́kọ́.” Ó ń wo ìwé náà. “Ó dé lóòótọ́, díẹ̀ báyìí. Kò padà wá mọ́.”

“Egungun yẹn á tún sán.”

“Kò dùn mí, Màmá.”

“Nítorí kí ni o ṣe wá ń di rọ́bà mọ́ ọn?”

Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. Mo ká ìwé náà sí méjì, mo ká a sí mẹ́rin. “Mi ò ní fọwọ́ sí i. Kì í ṣe lọ́dún yìí.”

Ó wọlé. Mo rò pé ó máa sunkún, mo tiẹ̀ ti fẹ́ na ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi bi mí ní mélòó sí mélòó lábẹ́ igi dóńgóyárò náà ló fi wò mí. Ó mú páàdì náà kúrò lórí itan mi, ó dá a padà sínú àpò, ó to bàtà lé e, ó fa síìpù dé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣe àtúnṣe ìṣirò fún ẹni tó ṣì í.

“Lọ́dún tó kọjá tí mo gbààwẹ̀ pé, tí ẹ̀ ń fi mí yangàn lójú Alhaja, Màmá, ẹ ò tú àpò mi wò.”